Àlejò láti Amẹ́ríkà ní Adja-Ouèrè: ó ń pọn omi pẹ̀lú wa, ó sì kọ̀wé nípa wa

Kí oòrùn tó yọ dáadáa ni a ti gbọ́ ẹ̀rín lẹ́bàá kànga. Àwọn obìnrin bíi mẹ́jọ ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ àti ike omi, ọ̀kan nínú wọn sì ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó ti gbé abọ́ omi rù, ọrùn rẹ̀ le gbagidi, omi ń dà sí i léjìká, síbẹ̀ kò fẹ́ fọwọ́ mú un. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀ lórí, kò fọwọ́ kàn án, ó tún ń jẹ ìrèké lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bú jáde.

Òyìnbó ni obìnrin tí omi ń dà sí lára yìí. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì ju ti àwa tí a ń kọ ìròyìn yìí lọ. Nígbà tí òjò ń parí lọ ló dé sí abúlé yìí, tí kò jìnnà sí ọjà Ikpinlè nínú kọ́múnù Adja-Ouèrè. Ọyẹ́ ló ń fẹ́ báyìí. A kò ní kọ orúkọ rẹ̀, a kò sì ní kọ orúkọ abúlé náà. Bí ẹ bá kà á síwájú, ẹ óò mọ ìdí rẹ̀.

Àjọ tó rán an wá ni Peace Corps, tí a mọ̀ sí Corps de la Paix nílẹ̀ wa níbí. Ààrẹ John F. Kennedy ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1961. Ghana wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ rán àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ lọ́dún náà. Lọ́dún 1968 ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ tiwa, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Àwọn kan ń kọ́ ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ ìlera, àwọn mìíràn wà pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ èdè àti àṣà, lẹ́yìn náà ọdún méjì lábúlé. Wọn kì í gba owó oṣù. Owó tí yóò tó wọn jẹun, tí wọn yóò fi máa gbé bí àwọn tí wọ́n wà láàárín wọn ṣe ń gbé, ni wọ́n ń rí gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bi àlejò yìí ni ọjọ́ tí owó yóò dé.

Ìyá kan tó ń ṣe epo pupa ló gbà á sílé. Ìyá Elépo ni gbogbo abúlé ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe pè é. Nígbà tí a bi í léèrè bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe rí, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

“Wọ́n ní wọ́n ń mú òyìnbó bọ̀. Mo ní ọkọ̀ ńlá ni yóò gbé e wá, pẹ̀lú àpótí mẹ́wàá. Àfi bí mo ṣe rí i lórí zémijàn, tó dé akoto, tó gbé báàgì kan pọ̀n sẹ́yìn. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, èyí kò ní nǹkan kan. Ebi ń pa á. Mo gbé ẹ̀kọ fún un.”

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, “kò ní nǹkan kan.” A máa padà sídìí rẹ̀.

Ìkíni ló kọ́kọ́ dà á láàmú. Níbi tó ti wá, ọ̀rọ̀ kan péré tó láàárín ẹni méjì tó pàdé lọ́nà, oníkálùkù á sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó jókòó ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀, ẹni tó ń ti oko bọ̀ àti ẹni tó ń lọ sọ́jà, títí kan ẹni tí òtútù ọyẹ́ ń mú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo ènìyàn láti ilé dé ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pẹ́ dé lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pinnu pé òun yóò máa tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan, òun á sì kọjá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bàbá àgbà kan ti ránṣẹ́ sí Ìyá Elépo pé kí ni òun fi ṣẹ ọmọ òyìnbó náà. Láti ìgbà yẹn, ó ń jí ní wákàtí kan ṣáájú àsìkò tó ti máa ń jí tẹ́lẹ̀. Ìkíni nìkan ni wákàtí náà wà fún.

Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní Faransé kó tó wá, ṣùgbọ́n ó tètè rí i pé Faransé kò ra nǹkan lọ́jà bíi ti Nàgó. Ohùn ọ̀rọ̀ ló ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ ọjà kan ní Ikpinlè, ó dúró níwájú ìyá tó ń ta ẹ̀wà, ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹwà.” Ìyá náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Ọlọ́run ló ń fúnni ní ẹwà, ọmọ mi, ó sì ti ṣe díẹ̀ fún ọ. Ẹ̀wà ni èmi ń tà.” Títí di òní, bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn oníṣòwò á máa bi í bóyá ẹwà tó rà ti tán.

A bá a lọ sí ọjà náà. Bó ṣe ń ná ọjà kò burú mọ́: ó máa ń kọ́kọ́ kí ọlọ́jà, á bèèrè ọmọ, á sì ṣe bí ẹni fẹ́ máa lọ. Ó jẹ́wọ́ fún wa pé ẹ̀rù máa ń ba òun níbẹ̀rẹ̀, torí pé ó jọ ìjà lójú òun. Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń bá Ìyá Elépo lọ sí Pobè, ìlú tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti ọdún 1922. Níbẹ̀ ló ti máa ń rí íntánẹ́ẹ̀tì tó já fáfá, tí yóò fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ti ìhà àwọn Ọ̀họ̀rí, ó ti lọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ gba bàtà rẹ̀ kan, kò sì dá a padà.

Gbogbo èyí dùn ún gbọ́, a sì lè parí ìròyìn wa síbẹ̀ kí gbogbo wa jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló gbé wa dé abúlé yìí. Ohun tí a gbọ́ ni pé nígbà tí wọ́n ṣeré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níbẹ̀, akọrin Ẹ̀fẹ̀ fi odidi orin kan bú ẹni tó ń gbé ojú àwọn ènìyàn lọ sí Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fẹ̀ mọ̀ pé kì í kọrin sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù kejì tó dé, àlejò wa ya fọ́tò kan lẹ́bàá kànga, ó fi í sí Facebook. Ọmọ kékeré kan tí kò wọ ṣòkòtò wà nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ènìyàn rẹ̀ nílé: pé omi tí àwọn ń mu ní àwọ̀ bíi ti tíì, pé àwọn obìnrin ń rìn lọ rìn bọ̀ nítorí rẹ̀ láti ìdájí, pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní nǹkan kan, síbẹ̀ inú wọn ń dùn ju ti àwọn ènìyàn òun lọ. Ó gbàgbé pé ayé ti yí padà. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti abúlé náà, tó ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó fún ọdún mélòó kan, gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó rí i lórí fóònù rẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí WhatsApp àwọn ọmọ abúlé. Kí ó tó di alẹ́, àwọn tó wà ní Cotonou àti Èkó ti ń pe ilé pé ṣé irú èyí la gbà sílé.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àjọ kan náà yìí jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan tó gba òmìnira. Ìkọ́ àkọ́kọ́ àwọn ọmọ Peace Corps tó dé ibẹ̀ wà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, wọ́n ń kọ́ bí wọn yóò ṣe ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Margery Michelmore, ọmọ ọdún 23, kọ káàdì ìkíni sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó yin ìlú náà díẹ̀, ó wá ní ó ya òun lẹ́nu bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé: pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Káàdì náà kò dé Amẹ́ríkà. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bọ́ sí, wọ́n dà á kọ, wọ́n pín in káàkiri ọgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìwọ́de, wọ́n ní kí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà máa lọ sílé. Michelmore tọrọ àforíjì, kò sì pẹ́ tó fi kúrò ní Nàìjíríà. Kennedy fúnra rẹ̀ kọ ìwé kékeré sí i láti tù ú nínú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì ṣiṣẹ́ wọn.

Ẹni tó bá wo káàdì ìkíni mọ̀ pé kò ní àpò. Ẹnikẹ́ni tó bá gbà á lọ́nà lè kà á. Facebook náà kò ní àpò.

Ó yẹ kí a tún sọ ohun kan tí àwọn tó ń gbé ìlú ńlá kì í fẹ́ẹ́ rántí. Bàbá àgbà kan tí a bá sọ̀rọ̀ ní òun kò fẹ́ràn kí òyìnbó máa kọ nǹkan sílẹ̀ níwájú òun, yálà lórí ìwé tàbí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtàn nínú. Nígbà àwọn Faransé, ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò san owó orí, ọmọkùnrin rẹ̀ náà sì ni wọ́n lè mú lọ sógun. Àwọn Ọ̀họ̀rí tó jẹ́ aládùúgbò wa dìde sí wọn lọ́dún 1914, ìjà náà sì wọ ọdún 1915. Ẹ̀rù tí bàbá bàbá ẹni fi sílẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ilé.

Wọ́n pe ìpàdé sílé olórí abúlé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí wọ́n kọ ìwé sí àjọ náà kí wọ́n wá mú un. Ìyá Elépo ló dá a dúró. Ó ní kò sí ẹni tí yóò lé ọmọ tó ń sùn nínú ilé òun kí òun tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí ó dìde, kí ó ka ohun tó kọ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ní Nàgó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó ń ka gbólóhùn kan, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe lè túmọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ti Èkó dé ń tún un ṣe.

Nígbà tó dé ibi tó ti sọ pé àwọ̀ omi náà dà bíi ti tíì, gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá arúgbó kan ló fọhùn láti ẹ̀yìn: “Ṣé irọ́ ni?” Wọ́n sọ fún wa pé ojú àwọn ọkùnrin kan wálẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan wà ní abúlé náà, tí wọ́n gbẹ́ jinlẹ̀, tí omi rẹ̀ mọ́. Ó ti bàjẹ́. Owó tí àwọn obìnrin ń san lórí ike kọ̀ọ̀kan nígbà tó ń ṣiṣẹ́, àwọn kan ló wà lọ́wọ́ wọn, kò sì tíì sí ẹni tó ṣírò rẹ̀ fún ará ìlú. A bèèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ní àwọn ń dúró de ẹni tí yóò wá tún un ṣe láti Cotonou. A ní láti ìgbà wo. Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi “wọn kò ní nǹkan kan,” Ìyá Elépo tó ń gbèjà rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ó sọ ọ́ fún wa bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ sì ṣì le: “Mo ní oko ọ̀pẹ. Mo ní ewúrẹ́ mẹ́rin. Mo bí ọmọ mẹ́fà, gbogbo wọn wà láyé. Mo ní ẹbu epo tèmi. Ọjọ́ tí ìwọ dé, ta ló bọ́ ọ? Ṣé ẹni tí kò ní nǹkan kan ló ń bọ́ àlejò?”

Àlejò wa sunkún. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà, ní Faransé tó dà pọ̀ mọ́ Nàgó, pé òun rò pé ńṣe ni òun ń yìn wọ́n. Pé nílé àwọn, bí ènìyàn bá sọ pé ẹnì kan kò ní nǹkan kan síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ ńlá ni. A sọ fún un pé Ìyá Elépo náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Ó ní òun mọ̀, ìyá ti sọ ọ́ fún òun, àwọn méjèèjì sì ti rẹ́rìn-ín sí i.

Ìyá ọmọ tó wà nínú fọ́tò kò rẹ́rìn-ín. Àkàrà ló ń tà. Ìbéèrè kan péré ló bi í ní ìpàdé náà: “Bó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ni, ṣé o máa fi í hàn báyìí?” Kò rí èsì fọ̀. Ó yọ fọ́tò náà kúrò níwájú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ní fóònù mọ̀ pé fọ́tò tó ti jáde kì í padà sílé tán.

Kí a má parọ́, ìbéèrè yẹn kàn wá náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ṣẹ́ ìròyìn, wọ́n kọ́ wa pé kí a gba àṣẹ òbí kí a tó ya ọmọ. A ti ya ọmọ rí láìbèèrè, lẹ́bàá irú kànga báyìí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ dára, ọkọ̀ sì ń dúró dè wá. Òyìnbó kọ́ ni wá, kò sì sẹ́ni tó pe ìpàdé lé wa lórí. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi rí fọ́tò ọmọ kankan lábẹ́ ìròyìn yìí, tí ẹ kò sì rí orúkọ.

Ẹ̀fẹ̀ wá parí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tirẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe é. Kì í ṣe àwọn àgbà wa nìkan ló ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí. Láti ọdún 2001 ni UNESCO ti kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Akọrin náà bú àlejò tán, ó yíjú sí àwọn tó gba owó omi, ó sì pẹ́ lórí tiwọn ju ti àlejò lọ. Àlejò wa wà níbẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ènìyàn yíjú kúrò lára òun tí wọ́n ń wo ẹlòmíràn, òun mọ̀ pé tòun ti tán.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì wa níbẹ̀, a jókòó lágbàlá Ìyá Elépo. Àlejò ń ka ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kọ sí i láti Jàpáànù. Ìlú kékeré kan ni ọ̀rẹ́ náà wà, ó ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ètò kan tí ìjọba Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987. Ọ̀rẹ́ náà ń ráhùn. Ó da pàǹtírí sínú àpò, ó gbé e síta, àwọn tó ń kó o fi ìwé lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún un, nítorí pé kò ya ike sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń jóná. Ojú tì í láàárín àwọn aládùúgbò. Ìyá Elépo ní kí ó tún un sọ. “Wọ́n dá pàǹtírí rẹ̀ padà fún un?” Ó pàtẹ́wọ́. “Ayé le o. Ìwọ sì rò pé àwa la le.”

A bá wọn sọ ti Rufin Zomahoun, ọmọ Dassa-Zoumé, tó kàwé ní Ṣáínà kó tó lọ sí Jàpáànù. Àwọn ará Jàpáànù mọ̀ ọ́n dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí òun àti àwọn àjèjì mìíràn ti ń sọ ohun tó yà wọ́n lẹ́nu nípa ilẹ̀ náà. Ó kọ ìwé, ó fi lára owó rẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí Benin níbí, ìjọba wa sì fi í ṣe aṣojú wa ní Tokyo lọ́dún 2012. Ìyá Elépo béèrè bóyá ohun tó ń sọ nípa wọn lórí tẹlifíṣọ̀n náà kì í bí wọn nínú. A ní ó ń bí wọn nínú nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ojú wọn ló ti ń sọ ọ́, ní èdè wọn. Ó mi orí, kò sọ nǹkan kan.

A bi àlejò bóyá ó ṣì ń kọ nǹkan sí Facebook. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun máa ń kà á fún Ìyá ná. Ìyá ti dá ọ̀rọ̀ méjì padà nínú èyí tó kọ kẹ́yìn. Ọ̀kan jẹ́ nípa ewúrẹ́: ó kọ mẹ́ta, mẹ́rin ni wọ́n.

Ẹ̀rọ omi ò tíì ṣiṣẹ́ nígbà tí a kúrò níbẹ̀. Àwọn obìnrin kan ti ní àwọn kò ní san kọ́bọ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi rí ìṣirò, olórí abúlé sì ti dá ọjọ́ ìpàdé mìíràn.

Ní òwúrọ̀ tí a ń lọ, àlejò wa sìn wá dé ojú ọ̀nà. Ó yà sí ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta àkàrà. Ó kúnlẹ̀, ó kí i kú ọyẹ́, ó kí i kú iná, ó béèrè ọmọ. Ìyá náà dá a lóhùn gbogbo rẹ̀, kò yájú sí i. Ó ka àkàrà ọgọ́rùn-ún séfà sínú ewé, ó pọ́n ọn, ó sì nà án sí i. Ẹni tó rà ṣáájú gba ènì kan. Ẹni tó rà tẹ̀lé e náà gba kan. Kò sí ènì nínú ti àlejò. Ó dúpẹ́, ó dìde, ó ní òun á tún wá lọ́la.